Ipa Bàtà

Ọ̀sẹ̀ méjì ni Kokilaben ti ń fọ ilé.
Ògiri kan ló là wá láàrin, tẹ́ẹ́rẹ́ ni:
bí ó bá wúkọ́, èmi ni mo ń sọ pé "pẹ̀lẹ́".
Mo gbọ́ ọ tí ó ń wọ́ kọ́bọ́ọ̀dù, tí ó ń gbọn kápẹ́ẹ̀tì,
tí ó ń bá ìkòkò wí ní èdè Gùjárátì
lásìkò tó yẹ kí n máa sùn,
torí òru ni mo fi ń ṣiṣẹ́,
mò ń to páálí ní ilé ìkẹ́rùsí kan lẹ́yìn ìlú Lẹ́sítà.

Lọ́jọ́ Sátidé ó kan ilẹ̀kùn mi.
"Ọ̀gbẹ́ni gíga, wá bá mi so iná."
Mo gun àkàbà. Òjò ń ṣẹ́ winniwinni.
Ó di ẹsẹ̀ àkàbà mú nísàlẹ̀
bí ẹni pé, bí mo bá já bọ́, òun ni yóò gbà mí,
òun tí kò ga ju àyà mi lọ.

Ó fi mí jókòó sí ilé ìdáná.
Ó ń tẹ ìyẹ̀fun láti inú ẹ̀rọ kékeré kan sínú epo gbígbóná,
ó ń ká bí ìkarahun ìgbín.
Òwú wà lórí tábìlì nínú ike áísìkiriìmù.
Ó já díẹ̀, ó yí i láàrin àtẹ́lẹwọ́, ó di òwú fìtílà.
Mo na ọwọ́, mo ní kí n dán an wò.
Ọwọ́ mi ti mọ̀ ọ́n kí èmi tó rántí:
ìyá bàbá mi ran òwú ní Ìsẹ́yìn títí ojú rẹ̀ fi di bàìbàì,
èmi ni mo máa ń ṣa kóró rẹ̀ kúrò.
"Ta ló kọ́ ọ?"
Mo sọ fún un.
Òun náà sọ pé Jínjà ni wọ́n bí òun sí, ní Ùgáńdà,
pé ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni òun
nígbà tí wọ́n fún wọn ní àádọ́rùn-ún ọjọ́ kí wọ́n kó jáde,
pé fìtílà bàbà ìyá òun ṣì ń jó lórí pẹpẹ
nígbà tí bàbá òun ti ilẹ̀kùn.
N kò mọ ohun tí mo lè sọ.
Mo yí òwú mìíràn.

Òwúrọ̀ ọjọ́ àjọ̀dún, aago mẹ́fà kọjá,
mo ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀, oorun kún ojú mi,
bàtà onírin mi wúwo bí ẹ̀sùn.
Ọ̀nà kan náà ni a ń gbà wọlé. N kò wolẹ̀.
Àjòjì lójú, kò fi ríran.
Nígbà tí n ó fi wolẹ̀, ó ti bàjẹ́:
òdòdó ńlá tí ó fi ìyẹ̀fun aláràbarà yà sílẹ̀,
òru ni yóò ti fi yà á, lórí eékún tó ń dùn ún,
àti ní àárín gbùngbùn rẹ̀, bàtà nọ́ńbà mọ́kànlá.

Mo kúnlẹ̀. Mo fẹ́ fi ìka tún un ṣe.
Ibi tí mo bá fọwọ́ kàn, ẹrẹ̀ ni ó ń dà.
Ilẹ̀kùn ṣí. Kokilaben, tòun ti súwẹ́tà lórí sárì tuntun,
wo ilẹ̀, ó wo bàtà mi,
ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di férémù ilẹ̀kùn mú.
Ó nàka sí àtẹ̀gùn: ẹsẹ̀ funfun wẹ́wẹ́
tí ó fi ìyẹ̀fun ìrẹsì yà, tí ń wọlé lọ,
ẹsẹ̀ Lákíṣímì tó ń pín ọlà,
kí ó má baà ṣi ilé mọ̀ nínú òkùnkùn.
"Ọdọọdún ni mò ń ya tirẹ̀," ó ní. "Ọdún yìí, bàtà ló wọ̀ wá."

Mo ní kí n lọ mú ìgbálẹ̀ wá. Ó kọ̀.
Ó bu ìyẹ̀fun, ó ń tọ etí ìtẹ̀ mi,
àwọ̀ wúrà yí gìgísẹ̀ po, pupa wọ inú ìlà kọ̀ọ̀kan.
Nílé wa, a máa ń sọ pé ẹnì kan lẹ́sẹ̀ ire.
Mo fẹ́ túmọ̀ rẹ̀ fún un. Gẹ̀ẹ́sì kò gbà á.

Nígbà tó di ọ̀sán, òjò gbá gbogbo rẹ̀ lọ sí gọ́tà,
ẹsẹ̀ Lákíṣímì àti tèmi, kò yà wọ́n sọ́tọ̀.
Kí n tó padà síbi iṣẹ́ lálẹ́
ó ti to fìtílà sójú fèrèsé.
Mo mọ èyí tí òwú rẹ̀ jẹ́ tèmi.
Òun ló ń rú èéfín.